Láti Ìgbóbì dé Ìgándò: Bí Ìtọ́jú Làkúrègbé Ṣe Ń Rìn Bọ̀ Lọ́dọ̀ Wa

Ní ọdún 1968, dókítà kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brian Greenwood, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó ti yẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn 98,454 wò, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sí bẹ́ẹ̀dì ní UCH láti 1957 sí 1966. Nínú èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, 104 péré ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tí ọmọ ogun ara fi ń kẹ̀yìn sí ara tó yẹ kí ó máa ṣọ́. Lára irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni làkúrègbé tó ń jẹ oríkèé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí ìwé ìṣègùn ń pè ní rheumatoid arthritis, àti lupus, tó lè mú oríkèé, awọ ara àti kíndìnrín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwádìí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn, ó di òfin tí ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣe: pé àwọn àìsàn wọ̀nyí kì í ṣe tiwa. Bí àìsàn kò bá sì jẹ́ ti ìlú kan, ta ni yóò kọ́ṣẹ́ dókítà rẹ̀? Ta ni yóò ra èròjà tí wọn yóò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún un? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìnira tó ń bá àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó lónìí ti bẹ̀rẹ̀, kí títì tó bàjẹ́, kí owó ọkọ̀ sì tó gbówó lórí.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ìrora oríkèé. Làkúrègbé àti aromọléegun ti wà lẹ́nu Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọsibítù sí Èkó. Àgbẹ̀ àti apẹja ni àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀ Ìṣẹrì-Ọlọ́fin, Ìkọ̀tún, Ìgándò àti Ẹgbẹ́dá ní Alímọ̀ṣọ́, iṣẹ́ orúnkún àti iṣẹ́ ẹ̀yìn sì ni iṣẹ́ méjèèjì. Wọ́n ní agbo, wọ́n ní àgúnmu, wọ́n ń fi òrí ra oríkèé, wọ́n sì ń sín gbẹ́rẹ́ yí orúnkún ká. Títí di òní, ojú gbẹ́rẹ́ yẹn ṣì wà lára ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ń gbé orúnkún wọn wá síwájú dókítà. Wọ́n ní àlàyé pẹ̀lú. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé wú, wọ́n á ní ó tẹ nǹkan. Bí ìka bá ń wọ́, wọ́n á ní wọ́n ta á lófà. N kò bá wọn wíjọ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣubú, láìjẹ́ pé ó bá ẹnikẹ́ni jà, ní láti wá ìdí rẹ̀ síbi kan, pàápàá nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó ń sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ìṣègùn òyìnbó tó wọ Èkó bá ogun mìíràn pàdé. Ibà, ìgbóná, ikọ́ ife àti ikú ọmọdé ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Èkó láti 1893 ń bá jà. Dókítà Ògúntólá Sàpárà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ kàwé ìṣègùn, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbógun ti ìgbóná kó tó kú ní 1935. Nígbà tí ìgbóná ń kó odidi agboolé lọ, kò sí ẹni tó máa bi í léèrè orúnkún àwọn àgbà.

Ogun Hítílà ló mú ilé ìwòsàn Ìgbóbì wá. Àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ ń padà bọ̀ láti ojú ìjà, ìjọba sì nílò ibi tí wọn yóò ti tún ẹsẹ̀ àti apá wọn ṣe, nítorí náà wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1945. Láti ìgbà náà, bí egungun bá ti ń dun ará Èkó, Ìgbóbì ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ ńlá ni Ìgbóbì ṣe, ó sì ń ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ abẹ egungun ló wà níbẹ̀. Egungun tó ṣẹ́ ni wọ́n ń tò, oríkèé tó ti bàjẹ́ tán ni wọ́n ń pààrọ̀. Rheumatoid arthritis àti lupus kì í ṣe ti egungun tó ṣẹ́. Ètò ààbò ara ni wọ́n ti ń wá, oògùn tó ń tu ètò náà lójú ló sì ń kápá wọn, kì í ṣe ọ̀bẹ. Àwọn aláìsàn tó ti tò sí ibi tí kì í ṣe tiwọn nítorí pé orúkọ Ìgbóbì ni wọ́n mọ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni ti kọ sílẹ̀ lọ.

Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀, ní 1948, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gún obìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́lẹ̀ ní abẹ́rẹ́ cortisone, ó sì dìde rìn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ lé e ní 1950. Gbogbo ayé rò pé wọ́n ti rí ìwòsàn. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi rí i pé oògùn náà ń gbà lọ́wọ́ kan bó ṣe ń fún ni lọ́wọ́ kejì: ojú á wú, ìtọ̀ ṣúgà á yọjú, ẹ̀jẹ̀ á ru, egungun á máa fúyẹ́. Ẹ jẹ́ ká rántí oògùn yìí, nítorí ó ti wọ Ìkọ̀tún lónìí láìsí ìwé dókítà.

Nígbà tí UCH ṣílẹ̀kùn ní 1957, ìgbà yẹn ni irinṣẹ́ ìwádìí gidi bọ́ sọ́wọ́ wa. Greenwood béèrè ìbéèrè tó dára: èéṣe tí àwọn àìsàn wọ̀nyí fi ṣọ̀wọ́n níbí tí wọ́n sì pọ̀ nílùú òyìnbó? Èrò rẹ̀ ni pé ibà tó ń mú wa láti kékeré ló ń fún ọmọ ogun ara níṣẹ́ ṣe, tí wọn kò fi ráyè yíjú sí ara fúnra rẹ̀. Kò fi mọ sí ẹnu lásán. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú irú eku kan tó máa ń ní àìsàn bíi lupus láti inú ìran rẹ̀, wọ́n kó ibà eku sí wọn lára, wọ́n sì rí i pé àìsàn náà dínkù. Èrò náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Ohun tó yẹ ká bi àkọsílẹ̀ UCH ni pé: ta ni ó dé orí bẹ́ẹ̀dì yẹn? Obìnrin tí ìka rẹ̀ wú ní abúlé lẹ́yìn Ìgándò ní 1960 kì í wọ ọkọ̀ lọ Ìbàdàn nítorí ìka. Bí ó bá tilẹ̀ lọ, ibi tí wọn kò ti retí àìsàn kan, wọn kì í sábà wá a.

Ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé lẹ́yìn náà, àwọn kan kúrò nínú àkọsílẹ̀, wọ́n lọ bá àwọn ènìyàn nílé. Ikọ̀ kan tí Arthur Silman láti Manchester darí, tí Adéwálé Adébajo àti Asuzu ti Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, wá rheumatoid arthritis láàárín àgbà tó tó nǹkan bí 2,000 ní Ìgbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 1993, ẹyọ kan kò jáde. Bí a bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní 1975, ní orílẹ̀-èdè South Africa, àwọn olùwádìí ti rí i pé àìsàn náà ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àwọn Tswana tó ń gbé ní ìgbèríko, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ilẹ̀ Yúróòpù láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Soweto. Ènìyàn dúdú ni ti oko, ènìyàn dúdú sì ni ti ìlú ńlá. Ohun tí ìlú ńlá ń ṣe sí ara ni kò jọra.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá. Ní 2001, Mariam Molokhia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka iye obìnrin tó ní lupus ní gúúsù ìlú náà, ní Lambeth, Southwark àti Lewisham, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, Peckham sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé lupus wà láàárín àwọn obìnrin tó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá ju bó ṣe wà láàárín àwọn obìnrin funfun lọ dáadáa. Ìdílé kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Bí àbúrò tó wà ní Peckham bá ní àìsàn yìí lórúkọ, tó ní dókítà, tó ń gba oògùn rẹ̀, kí ni yóò jẹ́ ká gbàgbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ẹgbẹ́dá, tí oríkèé rẹ̀ ń wú bákan náà, kò ní nǹkan kan ju ọfà ayé lọ?

Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ojú Èkó sí ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélowó. Wọ́n jókòó sídìí kílíníìkì oríkèé ní Èkó, wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2009, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìròyìn aláìsàn lupus 66 jáde. Ní 2010, ìròyìn ti rheumatoid arthritis tẹ̀ lé e: 200 aláìsàn, láti kílíníìkì kan péré. Ẹ fi wé ti UCH: odidi ọdún mẹ́wàá, gbogbo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pátá, 104. Ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà ti pọ̀ sí i bí ìlú ṣe ń gbòòrò, n kò lè ta ko ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó yí padà lójú gbogbo ayé ni pé dókítà kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó mọ ohun tó ń wò. Àwọn tó ní àìsàn wá a rí.

Ilé ìwòsàn tí iṣẹ́ yẹn ti fìdí múlẹ̀ ni LASUTH ní Ìkẹjà, ìtàn tirẹ̀ sì jọ ti Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1955, nígbà tí Ìkẹjà àti àwọn abúlé Àwórì tó yí i ká ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, gbogbo wọn bọ́ sábẹ́ Èkó. Ní 2001 ni ìjọba sọ ọ́ di ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélowó gbé ẹ̀ka oríkèé kalẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà oríkèé tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà lónìí ló sì ti gba ibẹ̀ kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ ti kọjá 200 mílíọ̀nù, gbogbo wọn kò pé ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan sì ti já pa lọ sílùú òyìnbó, tí wọ́n ń tọ́jú oríkèé àwọn ẹlòmíràn.

Bí ìmọ̀ ṣe ń dàgbà ní Ìkẹjà, Alímọ̀ṣọ́ ń kún. Ìkànìyàn 2006 ti ìjọba àpapọ̀ ka 1,277,714 sí ibẹ̀, ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ sì ka 2,047,026. Èyíkéyìí tí a bá gbà, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tó tó o. Èrò ti Ìbàràpá, Òṣun, Èkìtì, Kwara àti ilẹ̀ Ìgbò wá síbẹ̀, torí ilé rọrùn láti yá tàbí láti kọ́ níbẹ̀ ju àárín Èkó lọ. Ní 2003, wọ́n pín in sí mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Àgbádò/Òkè-Ọdò, Ayọ̀bọ́/Ìpájà, Ẹ̀gbẹ/Ìdímù, Ìkọ̀tún/Ìgándò àti Mọ́sàn-Òkúnọlá. Ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà wà ní Ìgándò, nítòsí ààtàn ńlá tí gbogbo ará ibẹ̀ mọ̀. Àwọn ilé ìlera alábọ́ọ́dé wà káàkiri.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n kọ́ àwọn ilé ìlera yẹn fún? Ní àkókò Gómìnà Jákáńdè, láàárín 1979 sí 1983, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ni ìlérí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, wọ́n gbé ìtọ́jú dé ẹnu ọ̀nà ará ìlú bí ẹnikẹ́ni kò ṣe ṣe é rí: abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru, ìtọ́jú aláboyún. Ẹ̀mí tí iṣẹ́ yẹn gbà là kò níye. Wọ́n kọ́ nọ́ọ̀sì láti mọ ibà, láti mọ ọmọ tí oúnjẹ kò tó. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ láti di ìka obìnrin ọlọ́dún 35 mú, kó sì bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá jí láàárọ̀, ó máa ń tó wákàtí mélòó kí ọwọ́ yìí tó lè di nǹkan mú?"

Ìbéèrè kékeré yẹn ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ ńlá lọ. Làkúrègbé tó ń ti ètò ààbò ara wá máa ń le jù ní òwúrọ̀, oríkèé á gan fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìka ọwọ́ méjèèjì á sì wú lẹ́ẹ̀kan náà. Orúnkún tó ti gbó nítorí ọjọ́ orí àti iṣẹ́ máa ń dun ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti rìn. Fún èyí tó ń ti ètò ààbò ara wá, oṣù díẹ̀ àkọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló níye lórí jù, torí bí oògùn bá tètè bẹ̀rẹ̀, oríkèé lè má bàjẹ́. Bí ọdún bá kọjá, ohun tó ti jẹ kò ṣeé dá padà.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí aláìsàn Ìgándò ń gbà ní gbogbo àwọn oṣù iyebíye yẹn. Kẹ́mísì ló kọ́kọ́ ń dé, tí wọ́n á fún un ní ibuprofen tàbí diclofenac. Ó ń fi Robb àti Aboniki pa á lálẹ́. Bí kò bá lọ, ọ̀dọ̀ alágbo ló kàn. Nígbà mìíràn, ara á yá gágá lọ́jọ́ kejì, ó sì máa ń jẹ́ pé ẹni tó se agbo náà ti lọ dexamethasone tàbí prednisolone sínú rẹ̀, ẹ̀yà cortisone ti Hench, láìwọ̀n ọ́n, láìsọ fún ẹni tó ń mu ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, àwọn ará ilé á ní ara ń yá. Bó bá dá agbo dúró, ìrora á padà pẹ̀lú agbára. Ìkọ̀tún yìí kan náà ni àwọn èèyàn ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń wá gba àdúrà ìwòsàn. Aláìsàn wa náà á gbàdúrà, èyí sì tọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á ní kó lọ Ìgbóbì. Ìkẹjà ló máa ń kẹ́yìn.

Ìkẹjà kò sì jìnnà lójú àwòrán ilẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà náà ló mọ̀ pé ó jìnnà. Kí kádì tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, o ní láti tètè dé, ìyẹn ni pé kí ènìyàn dìde ní ìdájí, ní wákàtí tí oríkèé rẹ̀ gan jù lójúmọ́, kó wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìkọ̀tún tàbí Ìyànà-Ìpájà, kó fi ọwọ́ tí kò lè di nǹkan mú fa ara rẹ̀ sínú dánfó tí kò dúró dáadáa. Láti 2022 ni ọ̀kadà kò ti lè wọ Ìkẹjà. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní 2024 gba Àgbádò àti Agége dé Ìkẹjà, kò dé Ìkọ̀tún, kò dé Ìgándò. Àìsàn yìí gan-an ló ń dí ọ̀nà tí aláìsàn fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa wò ó sàn.

Oògùn fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Methotrexate, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ di ojoojúmọ́ láé, wà lára àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí kòṣeémánìí. Hydroxychloroquine, tó ń gbé aláìsàn lupus ró, jẹ́ ìbátan chloroquine tí Nàìjíríà ti dáwọ́ fífi wo ibà dúró ní 2005. Nígbà tí ààrẹ Amẹ́ríkà yin chloroquine àti hydroxychloroquine lógo fún kòrónà ní Oṣù Kẹta 2020, àwọn ará Èkó ya lu kẹ́mísì, owó rẹ̀ lọ sókè fíofío, àwọn kan lò ó jù débi pé wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, àjọ NCDC tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Nàìjíríà sì kìlọ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù kò sí nínú ìròyìn púpọ̀: àwọn tó ní lupus, tí oògùn yẹn jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, tí wọ́n ń wá a kiri láìrí. Ìlú tó mọ̀ pé irú wọn wà nínú rẹ̀ ni ì bá pa tiwọn mọ́ fún wọn.

Ọ̀nà ìsanwó ti ń là díẹ̀díẹ̀. Ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ di òfin ní 1999, iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2005, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan. Ti Èkó, tí a mọ̀ sí Ìlera Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2018: ₦8,500 lọ́dún fún ẹnì kan nígbà yẹn, ₦40,000 fún ìdílé ẹni mẹ́fà. Òfin tuntun ti 2022 sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Gómìnà Sanwó-Olú sì fọwọ́ sí àṣẹ kan náà fún Èkó ní Oṣù Keje 2024. Ohun tí aláìsàn oríkèé nílò láti inú rẹ̀ kò pọ̀: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi wíwú inú ara hàn, ti rheumatoid factor, methotrexate pẹ̀lú folic acid, àti àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lóòrèkóòrè.

Ní Kenya, níbi tí àwọn dókítà oríkèé kò ti pọ̀ bíi tiwa, ọ̀gá wọn Omondi Oyoo àti Anthony Woolf láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní UWEZO. Wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́, àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn sì lọ kọ́ dókítà àti òṣìṣẹ́ ìlera ní àwọn agbègbè bí wọn yóò ṣe di oríkèé mú, tí wọn yóò sì mọ èyí tó yẹ kó tètè lọ sókè. Wọn kò dúró de ìgbà tí dókítà oríkèé yóò pọ̀. Alímọ̀ṣọ́ lè ṣe é, torí LASUTH wà nítòsí, àwọn olùkọ́ wà nínú rẹ̀, fóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo nọ́ọ̀sì.

Mo bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó: ẹ jẹ́ kí dókítà oríkèé láti Ìkẹjà máa jókòó ní Ìgándò ní ọjọ́ kan tí gbogbo ìlú mọ̀, ní ọ̀sán, kì í ṣe ìdájí. Ẹ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìlera ní Ẹgbẹ́dá, Ìkọ̀tún àti Ìpájà láti béèrè ìbéèrè òwúrọ̀ yẹn. Ẹ fi àwọn àyẹ̀wò àti oògùn tí mo dárúkọ sínú Ìlera Èkó ní kedere, kí aláìsàn má ṣe máa jà fún un ní kọ́ńtà.

Ìwọ tó ń ka èyí ní Alímọ̀ṣọ́, bí ìka rẹ, ọrùn ọwọ́ rẹ tàbí ẹsẹ̀ rẹ bá ń wú, tó ń gan ju ìdajì wákàtí lọ ní òwúrọ̀, tó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, má ṣe ra agbo mìíràn. Bí prednisolone bá ti wọ̀ ọ́ lára, má ṣe dá a dúró lójijì láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Lọ sí ilé ìlera tó sún mọ́ ọ, kí o sì béèrè ìwé tí wọn yóò fi rán ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà oríkèé. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí o lò.